Ohun tí mo ní láti yẹ̀ wò nínú swing mi pọ̀ jù, mo sì ń gbàgbé wọn tí mo bá ti dúró ti bọ́ọ̀lù

AráBódìjà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń kọ́ gọ́ọ̀fù. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mò ń dá a ṣe, mò ń wo fídíò lórí YouTube, mo sì ń fi gbogbo agbára lu bọ́ọ̀lù. Ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù mi máa ń yí sí, inú igbó ló sì máa ń bá a dé. Mo wá lọ bá kóòṣì kan. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó ní kí n gbàgbé swing àtijọ́, ìyẹn bí mo ṣe ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, ká tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Mo gbà.

Ìṣòro mi rèé. Ohun mẹ́sàn-án ló ní kí n máa yẹ̀ wò: bí mo ṣe di ọ̀pá mú, bí ẹsẹ̀ mi ṣe yà síra, ibi tí bọ́ọ̀lù wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí n tẹ̀ láti ìbàdí, kì í ṣe láti ẹ̀yìn, kí ara mi kọjú síbi tó yẹ, kí n má fi ọwọ́ nìkan já ọ̀pá kúrò nílẹ̀, kí apá òsì mi nà tí ọ̀pá bá dókè, kí ìbàdí ṣíwájú ọwọ́ tí ọ̀pá bá ń bọ̀ nílẹ̀, kí n sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ikùn tó kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ.

Bí mo bá rántí ọwọ́, mo ti gbàgbé ẹsẹ̀. Bí mo bá rántí ìbàdí, ọ̀pá á ti gbá ilẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Níwájú kóòṣì, ó ń ṣeé ṣe, torí pé òun ló ń pè é sí mi létí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo dúró ti bọ́ọ̀lù ní ihò kẹta, mo ń ka mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ́kàn títí ọwọ́ mi fi le bí igi. Bọ́ọ̀lù náà ò rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ó dùn mí gan-an, torí mo fẹ́ràn eré yìí, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú èyí kọjá, báwo lẹ ṣe ń rántí?

KádìTẹ́lẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ru báàgì fún àwọn ọ̀gá kí n tó máa kọ́ èèyàn fúnra mi. Ẹ tún ka ohun mẹ́sàn-án yẹn wò. Márùn-ún nínú wọn ló ti parí kí ọ̀pá tó mira rárá: ọwọ́, ẹsẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù wà, títẹ̀ láti ìbàdí, àti ibi tí ẹ kọjú sí. Kí lẹ tún ń rù wọ́n wọnú swing sí? Ohun tí ẹ ti ṣe tán, ẹ gbé e sílẹ̀.

Mùsùlùmí ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àlùwàlá: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá, orí, etí, ẹsẹ̀. N kì í dúró bi ara mi pé kí ló kàn. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ mọ ibi tó kàn, torí pé ètò rẹ̀ kì í yí padà. Ètò yẹn náà ni mo gbé wá sídìí bọ́ọ̀lù, mo fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ parí.

Ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù ni mo ti máa ń di ọ̀pá mú, mo máa ń gbé e síwájú ojú mi. Mo wo ọwọ́ òsì: oríkèé ìka méjì gbọ́dọ̀ hàn sí mi níbẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka gbọ́dọ̀ máa tọ́ka sí èjìká ọ̀tún. Ọwọ́ ti parí nìyẹn, mi ò ní wò ó mọ́. Lẹ́yìn náà ojú: mo wá àmì kan nílẹ̀ níwájú bọ́ọ̀lù, bí ìṣísẹ̀ kan sí i, lójú ọ̀nà tí mo fẹ́ kó gbà. Ó lè jẹ́ ewé gbígbẹ, ó lè jẹ́ ibi tí koríko ti ya. Jack Nicklaus pàápàá, ọ̀gá gọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń gbá a. Mo kọ ojú ọ̀pá sí àmì yẹn. Ìbàdí ló kàn: mo tẹ̀ títí apá á fi rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló gbẹ̀yìn: òsì, lẹ́yìn náà ọ̀tún, bọ́ọ̀lù á sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Ọwọ́, ojú, ìbàdí, ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré.

Tí nǹkan kan bá já mi lọ́kàn láàárín rẹ̀, bóyá ẹnì kan pariwo, mo máa ń padà sẹ́yìn, màá tún un bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́. Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ẹ fi igi mọ́ọ̀pù ṣe é ní pálọ̀ ní alaalẹ́, ogún ìgbà, láìsí bọ́ọ̀lù, fún ọ̀sẹ̀ méjì.

BàbáKémi

Òótọ́ ni KádìTẹ́lẹ̀ sọ. Èmi kọ lẹ́tà mẹ́rin sẹ́yìn ìbọ̀wọ́ mi pẹ̀lú bírò nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà náà fi máa pa rẹ́ tán nítorí òógùn, mi ò nílò rẹ̀ mọ́.

ÌyáTáyé_London

Ẹ kú ìjókòó o. Physiotherapist ni mí níbí, iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn tó ṣàárẹ̀ bí wọ́n á ṣe tún máa rìn, kí wọ́n sì máa gbé apá. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa mẹ́rin tó kù, èyí tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀pá ti ń lọ.

Láti ìgbà tí ọ̀pá bá ti kúrò lẹ́yìn bọ́ọ̀lù títí tí yóò fi padà kàn án, bí ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Bíbọ̀ wálẹ̀ nìkan ò ju ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ọpọlọ ò lè ka ohun mẹ́rin láàárín àkókò yẹn, àbùkù kankan ò sì sí lára ọpọlọ yín, Bọ̀dá. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ mú dání wọnú rẹ̀, kí ẹ sì ṣe é ní ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ọ̀pá tàbí bọ́ọ̀lù tàbí ilẹ̀. Ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ ẹran ara.

Lọ́dún 1999, Gabriele Wulf, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń kọ́ iṣẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí kò gbá gọ́ọ̀fù rí. Wọ́n ní kí àwọn kan fọkàn sí bí apá wọn ṣe ń fì, wọ́n ní kí àwọn yòókù fọkàn sí bí ọ̀pá ṣe ń fì. Àwọn tó wo ọ̀pá ló gbá bọ́ọ̀lù sún mọ́ àmì jù, nígbà ìdánrawò àti nígbà tí wọ́n tún dán wọn wò lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan náà ni mò ń rí lójú iṣẹ́. Tí mo bá sọ fún ìyá àgbà kan pé kó na orúnkún, á dúró, á máa ronú nípa orúnkún. Tí mo bá ní kó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kúrò, orúnkún á nà fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ tú ọ̀rọ̀ kóòṣì yín sí èdè ọ̀pá. "Apá òsì kó nà" á di "fi orí ọ̀pá fa òbìrìkìtì tó tóbi jù." "Ìbàdí kó ṣíwájú" á di "jẹ́ kí ọ̀pá ha koríko níwájú bọ́ọ̀lù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀." Tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀, ìbàdí ti ṣíwájú nìyẹn, bóyá ẹ rántí rẹ̀ tàbí ẹ ò rántí. Ẹ fi ìyẹ̀fun tàbí ohun funfun èyíkéyìí fa ìlà sórí koríko, kí ẹ máa gbìyànjú láti gé koríko ní apá iwájú ìlà náà. Ojú yín á rí èsì lójú ẹsẹ̀.

Arẹwà_Abẹ́òkúta

Àǹtí, mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yín, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yí swing padà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ara rẹ̀ wà. Bí mo bá ń dúró de koríko láti sọ fún mi, ó lè jẹ́ ọ̀nà òdì ni màá fi gé koríko náà, tí ẹ̀yìn mi á sì máa ro mí. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń yí ọwọ́ láti fi gba bọ́ọ̀lù là, èsì rẹ̀ dára lójú, ọrùn ọwọ́ mi ló wá ń dun mí.

Fídíò ló là mí lójú. Fídíò méjì péré ni mo máa ń yà nínú ìdánrawò kan. Èkíní, mo gbé fóònù sẹ́yìn mi, lórí ìlà tí bọ́ọ̀lù máa gbà, kó ga dé ọwọ́ mi, kì í ṣe orí mi. Èkejì, kó kọjú sí àyà mi. Mo wá fa fídíò náà díẹ̀díẹ̀, mo dá a dúró ní ibi tí ọ̀pá bá ti ga dé ìbàdí. Ohun kan ni mo máa ń wò lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó, mo rò pé mo ti gbé ọ̀pá lọ tààrà; fídíò fi hàn mí pé ó ti wà lẹ́yìn ara mi pátápátá. Ohun tí ara ń rò pé òun ń ṣe yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe.

ÌyáTáyé_London

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ ká pín in báyìí: tí ẹ bá ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìsí bọ́ọ̀lù, ẹ wo ara dáadáa. Tí bọ́ọ̀lù bá ti wà nílẹ̀, ọ̀pá ni kí ẹ fọkàn sí. Kí ẹni tí nǹkan bá sì ń dùn lọ́wọ́ lọ rí dókítà kó tó tún gbá a.

KádìTẹ́lẹ̀

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń kọ́ wọn. Mẹ́ta la máa ń dúró: nígbà tí ọ̀pá bá ga dé ìbàdí, nígbà tó bá dókè pátápátá, àti ní ìparí. Ẹ dúró ní ibì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ní ibi ìbàdí, orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà níwájú ọwọ́ yín, kó má sá lọ sẹ́yìn ara. Lókè, ẹ̀yìn yín á kọjú sí ibi tí ẹ ń gbá a lọ. Ní ìparí, ẹ ó lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè láìṣubú, torí ẹsẹ̀ òsì ló ru gbogbo ara. Ẹni tí kò bá lè dúró sí ìparí títí bọ́ọ̀lù fi balẹ̀, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sáájú.

Mẹ́wàá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbá a tán láàárín ogójì ìṣẹ́jú, òógùn á bò wọ́n, wọ́n á ní àwọn ti ṣiṣẹ́. Àṣà àtijọ́ ni wọ́n ń tún ṣe. Àwa tá a kọ́ ọ nídìí iṣẹ́ kádì ò ní bọ́ọ̀lù tá a lè fi ṣòfò. Ẹ̀ka igi gúáfà la gé, ó tẹ̀ lẹ́nu, a ń fì í lórí yanrìn ní gbogbo ọ̀sán tí iṣẹ́ ò bá sí. Orí yanrìn tí wọ́n fi epo pò la ti ń gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò nígbà náà, torí "browns" ló wà ní pápá wa, kò sí green, ìyẹn koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ yí ihò ká. Fífì yẹn ti wọ̀ wá lára kí ẹnikẹ́ni tó fún wa ní iron gidi, ọ̀pá olórí irin.

BàbáKémi

Ní ti àkókò rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá gan-an, àkókò tí ọ̀pá wọn fi ń gòkè máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó fi ń bọ̀ wálẹ̀. Mẹ́ta sí ọ̀kan. Èmi máa ń wí i sínú pé: "Má-kán-jú, gbá!" Sílébù mẹ́ta ní gígòkè, ọ̀kan ní bíbọ̀. Tí mo bá ń wí i, mi ò ráyè ronú nǹkan mìíràn, ara á sì ṣe èyí tó ti kọ́.

ỌmọAyàn

Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ tún ìyẹn ṣe díẹ̀. Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí. Ẹ pe "má kán jú gbá" sókè, kí ẹ gbọ́ ọ: mí, mí, mí, mí. Ohùn òkè ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èèyàn ò lè máa pe ohùn òkè tẹ̀ léra kí ọrùn àti èjìká rẹ̀ má gòkè. "Gbá" tó sì wà níparí, àṣẹ ni. Ọwọ́ á le síbi tí kò yẹ kó le sí.

Ẹ gbìyànjú èyí: "rọ-ra-lọ, bọ̀." Re, re, re, dò. Mẹ́ta sí ọ̀kan náà ni, ṣùgbọ́n ohùn balẹ̀ níbi tí ọ̀pá ti ń bọ̀ wálẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ onídùndún: tó bá fẹ́ ohùn òkè, á fún ọṣán mọ́ra. Tó bá fẹ́ dò, á tú ọwọ́ sílẹ̀ lára ọṣán, awọ á dẹ̀, ohùn á sì jìn. Kò sí bó ṣe lè rí dò pẹ̀lú ọwọ́ tó le. Bàbá mi kì í wí ju bẹ́ẹ̀ lọ tí mo bá ń kọ́ ìlù: "Tú u sílẹ̀." Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wí "bọ̀" ní ìdí bọ́ọ̀lù, mo gbọ́ ìró tó yàtọ̀ lára iron 7 mi, ìró tó kún. Orí ọ̀pá ò ju ìdajì ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lára bọ́ọ̀lù. Ẹ ò lè ṣe àtúnṣe kankan láàárín rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ bá gbé dé ibẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù máa rí gbà.

BàbáKémi

Mo ṣe é ní àgbàlá mi nísinsìnyí. Ọmọ yìí, Ọlọ́run á bù kún ọ. Mo ti fi "má kán jú" sílẹ̀.

Kí n fi èyí kún un fún AráBódìjà, kí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan má bàa bà wọ́n nínú jẹ́. Nick Faldo, ọ̀gá gọ́ọ̀fù ará England, ti gba ìdíje lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tó lọ bá kóòṣì David Leadbetter lọ́dún 1985 láti tú swing rẹ̀ palẹ̀. Ó tó ọdún méjì tí wọ́n fi ń tún un mọ, àwọn èèyàn ń sọ pé ó ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Lọ́dún 1987, ó gba ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní Open, ní Muirfield ní Scotland, par (iye ìgbá tí wọ́n retí fún ihò kan) ló sì kọ sí gbogbo ihò méjìdínlógún ní ọjọ́ ìkẹyìn. Tiger Woods náà: ó fi ìgbá méjìlá borí gbogbo wọn ní ìdíje Masters ọdún 1997, síbẹ̀ ó ní kí kóòṣì rẹ̀, Butch Harmon, bá òun yí swing padà. Lọ́dún 1998, ìdíje kan ṣoṣo ló gbà lórí PGA Tour, ọ̀wọ́ ìdíje àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2000 dé oṣù kẹrin 2001, ó gba ìdíje mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó tóbi jù nínú gọ́ọ̀fù tẹ̀ léra. Bí irú wọn bá fẹ́ àkókò, ẹ fún ara yín náà ní àkókò.

Arẹwà_Abẹ́òkúta

Kí ẹ má sì ka máàkì rárá ní oṣù méjì yìí. Ẹ ṣeré, ẹ má kọ nǹkan kan sórí káàdì. Èmi kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí máàkì bá ti fẹ́ burú ni mo máa ń sá padà sí swing àtijọ́.

AráBódìjà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Mo fi ìwé ohun mẹ́sàn-án náà han kóòṣì, mo sọ fún un pé márùn-ún ti kúrò lórí mi. Ó dùn mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi yan ohun kan ṣoṣo fún oṣù yìí, koríko níwájú bọ́ọ̀lù. Ó ní òun ò mọ̀ pé mò ń gbìyànjú láti ru mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọwọ́, ojú, ìbàdí, ẹsẹ̀: igi mọ́ọ̀pù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ mi báyìí, ìyàwó mi ti mọ ètò náà débi pé ó máa ń sọ fún mi tí mo bá fo ojú. Láti ọjọ́ kẹwàá tàbí ọjọ́ kọkànlá ni mi ò ti kà á lọ́kàn mọ́. "Rọ-ra-lọ, bọ̀" ló ṣòro fún mi lákọ̀ọ́kọ́, torí ó ń ṣe mí bíi pé bọ́ọ̀lù ò ní lọ jìnnà. Mo wá gbá ogún bọ́ọ̀lù pẹ̀lú rẹ̀, ogún láìsí i. Jíjìn wọn kò yàtọ̀. Ibi tí wọ́n balẹ̀ sí ló yàtọ̀: àwọn tí mo gbá pẹ̀lú rẹ̀ wà níbi kan náà, àwọn tó kù fọ́n káàkiri bí ẹní tú ẹ̀wà dànù. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní ihò kẹta yẹn náà, mo rí koríko tó gé níwájú ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo dúró wò ó. Mi ò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù.

Ohun méjì ló kù. Tí omi bá wà níwájú mi, gbogbo rẹ̀ máa ń fò lọ, ọwọ́ mi á tún le. Èkejì, koríko ò ràn mí lọ́wọ́ lórí driver, ọ̀pá gígùn tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Kí ni kí n ṣe?

ỌmọAyàn

Ní ti omi, ẹ mí jáde kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lélẹ̀, kí ẹ wá wí i síta, kí etí yín gbọ́ ọ. Èyí tí ẹ wí sínú, ẹ̀rù lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má tijú ẹni tó wà nítòsí.

KádìTẹ́lẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣeyọrí. Driver ò gbọ́dọ̀ gé koríko rárá, ìdí nìyẹn. Orí tee, igi kékeré tí a ń kì mọ́lẹ̀, ni bọ́ọ̀lù wà, ó yẹ kí ọ̀pá ti máa gòkè díẹ̀ kó tó kàn án. Ní ìdí "ẹsẹ̀", ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sí iwájú gìgísẹ̀ òsì, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì yà sí i. Ẹ ki tee mọ́lẹ̀ títí ìdajì bọ́ọ̀lù á fi yọ lókè orí driver. Dípò koríko, ẹ ki tee mìíràn tí kò ní bọ́ọ̀lù lórí sílẹ̀, bí àtẹ́lẹwọ́ kan síwájú èkíní, kó ga bákan náà, kí ẹ sì máa gbìyànjú láti jẹ́ kí orí ọ̀pá kọjá lókè rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Lórí range, pápá ìdánrawò, nìkan ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe nígbà eré. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá sọ fún wa.

AráBódìjà

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Tee méjì, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ṣeun púpọ̀, màá padà wá.